Ẹrù Àwọn Tí Yóò Sun Ìta

Bí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá ti lẹ́, kò sí ibi tí àlejò yóò jókòó sí mọ́ ní pálọ̀ mi. Gàárì ti gba àga gígùn. Ẹní fara ti ògiri ní ìdì ìdì. Ìkòkò ńlá méjì tí mo yá lọ́wọ́ alásè kan ní Pópó-Ọba dí ẹnu ọ̀nà, àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta sì jókòó sílẹ̀, wọ́n ń ka ìṣáná àti àbẹ́là. Lọ́la, bí a bá ti kí ìrun Jímọ́ọ̀ tán, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí wa yóò wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ń lọ pàgọ́ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọgọ́ta ọmọ ni, oorun méjì péré ni wọn yóò sì sùn níta. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń di ẹrù oorun méjì yìí, síbẹ̀ ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọn yóò fi dé.

Ní ọdún tó kọjá, Amírù ẹgbẹ́ wa, ọmọ tó kàwé dáadáa tó sì níwà, dúró tì mí níbi tí mo ti ń di ẹja, ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàgọ́ tí òyìnbó gbé dé yìí, ẹ̀yin lẹ wá mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ." Ó fi yìn mí ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn, torí mo mọ ọwọ́ tí mo ti kọ́ ẹrù dídì, kì í sì í ṣe ọwọ́ òyìnbó.

Ọwọ́ ìyá ìyá mi ni. Òkè-Pósù, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ni ilé rẹ̀ wà, ẹja ló sì ń yan tà. Ọkọ rẹ̀, bàbá àgbà, máa ń sun orí omi. Apẹja tó bá ń lépa ẹja kò lè máa tukọ̀ wálé lálaalẹ́. Wọ́n ní àhéré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò létí ọ̀sà lọ́hùn-ún, níhà Lẹ́kí, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, nígbà mìíràn méjì. Àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n jọ ń pẹja lórí ọ̀sà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ló ń di ẹrù. Ohun tí ìyàwó bá gbàgbé nílé, kò sí ọjà tí ọkọ yóò ti rà á lórí omi.

Gàárì ló máa ń wà nísàlẹ̀ àpò. Gàárì Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kan lẹ́nu, tó sì gbẹ. Kí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ má rò pé torí adùn ẹnu nìkan la ṣe ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí a bá rin pákí tán, a ó dì í sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, ju bí wọ́n ti ń ṣe ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Omi rẹ̀ á ro dànù, ara rẹ̀ á kan. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tó dín in lórí iná títí tí yóò fi gbẹ fúyẹ́fúyẹ́. Kíkan àti gbígbẹ yẹn ló ń jẹ́ kó pẹ́. Lójú tèmi, oúnjẹ ìrìnàjò ni gàárì wa kó tó di ohun tí à ń fi ṣúgà àti ẹ̀pà mu nínú ilé. Pákí fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àlejò: àwọn Pọtogí ló mú un wá láti Brazil, àwọn Àgùdà àti Sàró tó padà wálé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gàárì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ẹja gbígbẹ ló tẹ̀lé gàárì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ó yà mí lẹ́nu, mo bi ìyá àgbà pé kí ló dé tí ẹni tó ń lọ pẹja tún ń gbé ẹja lọ. Ó ní, "Ẹja tó wà nínú omi, ẹja omi ni. Èyí tó wà nínú àpò ni tiwa." Àrọ̀ ló máa ń kó fún un. Yóò la inú rẹ̀, yóò fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, yóò ká a kí ìrù lè wọ ẹnu, yóò wá tò ó sórí wáyà lókè ààrò alámọ̀. Èèpo àgbọn ló ń dá iná rẹ̀, torí èèpo àgbọn kì í jó fòò, èéfín ló ń rú. Lọ́jọ́ kejì ni yóò yí i padà. Ẹja tí a bá fi ọjọ́ méjì yan bẹ́ẹ̀ máa ń le bí igi, bí a bá jù ú sínú ọbẹ̀, yóò tún rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iyọ̀, ata gígún, epo pupa nínú ṣágo kékeré, aṣọ ìbora kan, ewé efinrin tútù tí a fi okùn so. Efinrin yẹn, wọ́n á fi pa ara nítorí ẹ̀fọn, èyí tó bá ṣẹ́kù á wọ inú ọbẹ̀. Ohun tó ń gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni iná. Ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu ni, ìyá àgbà á da iyanrìn sí ìdí rẹ̀, á kó ògúnná lé e, á bu eérú bò ó. Ààrin ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Wọ́n lè fi odindi ọjọ́ kan wà lórí omi, kí wọ́n ṣí eérú yẹn, kí iná sì wà níbẹ̀.

Mo fojú yẹpẹrẹ wo ìkòkò yẹn nígbà tí mo gbọ́n tán lójú ara mi. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n di ẹrù fún àwọn ọ̀dọ́, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n gbé sọdá, abúlé kan lódìkejì ọ̀sà ni wọ́n fẹ́ pàgọ́ sí. Mo kó odindi dọ́sìnnì ìṣáná sínú ọ̀rá. Òjò ká wọn mọ́ àárín omi. Nígbà tí wọ́n fi gúnlẹ̀, kò sí ìṣáná kan tó ṣeé ṣá mọ́. Ọmọ mẹ́rìnlélógún jókòó sínú òkùnkùn, ìrẹsì wà nínú àpò, igi wà nílẹ̀, wọn kò rí iná. Apẹja kan tó ń kọjá lọ ló rí wọn. Ó gbé ìkòkò ògúnná rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ó bù fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé tí wọ́n sọ fún mi, mo lọ sójú oórì ìyá àgbà, mo bẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà náà, agolo onídèérí ni ìṣáná mi ń wọ̀, ìrẹsì gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan a sì wà pẹ̀lú rẹ̀ kó lè máa fa ọ̀rinrin.

Ibi tí ìyá àgbà náà ti jogún ìmọ̀ rẹ̀, inú orúkọ àdúgbò rẹ̀ ló wà. Pósù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olóyè Kòsọ́kọ́, ọba Èkó. Ní ìparí oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ọ̀sà lọ, Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, gbà wọ́n láyè, wọ́n tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Àgọ́ ni wọ́n pa. Èkó ni ojú wọn wà. Ní oṣù Kẹjọ 1853 wọ́n padà lọ kọlu ìlú náà, kò bọ́ sí i fún wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, wá bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn níbí ní Ẹ̀pẹ́, pé kó má du Èkó mọ́, kí wọ́n sì fi èbúté Palma sílẹ̀ fún un. Ọdún 1862 ni wọ́n tó gbà kó padà sílé. Ní Èkó ló kú sí ní 1872.

Ẹni tó bá pàgọ́ fún ọdún mẹ́wàá, àgọ́ ọ̀hún ti bímọ. Nígbà tí ilé yá, àwọn kan bá Oṣòdì Tápà, olóyè Kòsọ́kọ́, padà sí Èkó. Wọ́n fún wọn nílẹ̀, agbo ilé mọ́kànlélógún ni wọ́n pín in sí, orúkọ tí wọ́n sì pe àdúgbò náà ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ní Erékùṣù Èkó. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Lateef Jákàńdè sí ní 1929, níbẹ̀ náà ni M.K.O. Abíọ́lá dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994 tó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ orúkọ yẹn lórí rédíò, ẹrù ni mo máa ń rí: ẹni tó dì í kúrò ní Èkó wá sí Ẹ̀pẹ́, tó tún dì í padà, tó wá fi orúkọ ibi tó lọ sùn sọ ilé tuntun rẹ̀.

Àwọn tí kò padà ni wọ́n ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́. Inú wọn ni ìyá mi ti wá. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti kọjá tó bí oṣù kan, à ń ṣe Káyókáyó láti rántí dídé Kòsọ́kọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Àwọn tí ogun lé jáde nílé, ọ̀rọ̀ yíyó ni wọ́n fi sọ ọdún wọn.

Ti bàbá mi yàtọ̀. Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n ti wà nílẹ̀ kí Kòsọ́kọ́ tó dé, ìtàn tiwọn sì ni pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Huraka ló ti Ifẹ̀ wá tẹ ìlú dó. Bàbá mi fẹ́ràn láti máa sọ pé bí Èkó-Ẹ̀pẹ́ bá ń yangàn pé àwọn mọ ìta sùn, ta ló ń sun ìta ju ọdẹ lọ? Ìyá mi kì í dá a lóhùn, á kàn bu ọbẹ̀ fún un.

Àgọ́ kan wà tí àwọn ará ilé bàbá mi kì í fẹ́ dárúkọ. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ Ọ̀gágun Francis Scott, láti ibí ni wọ́n ti gba ọ̀nà igbó lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Ẹrù tiwọn, ọta ìbọn àti ìbọn Maxim, orí àwọn aláàárù ni wọ́n gbé e lé. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ, torí ọ̀nà yẹn gan-an ni bọ́ọ̀sì wọn sábà máa ń gbà, kò sì yẹ kí ọmọ máa kọrin kọjá níbẹ̀ láì mọ̀.

Kí n wá fún òyìnbó ní tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1907, Robert Baden-Powell kó ọmọkùnrin ogún lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sùn nínú àgọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ibẹ̀ ni Sìkáòtù ti bẹ̀rẹ̀. Ó dé Nàìjíríà ní 1915; ti àwọn ọmọbìnrin, Gáàdì, tẹ̀lé e ní 1919. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe Sìkáòtù nílé ẹ̀kọ́. Mo rántí fèrè tó so mọ́ ọrùn, mo rántí bó ti ń kọ́ wa ní kókó okùn oríṣiríṣi, tí bàbá àgbà jókòó sórí pèpéle tó ń wò ó. Nígbà tó di kókó kan báyìí, bàbá àgbà nawọ́, ó gba okùn náà, ó ta kókó kan náà láì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kókó tí ó fi ń so ọkọ̀ mọ́ igi ni.

Fèrè, àkókò tí a kọ sínú ìwé, àti kí á máa pe orúkọ lówùúrọ̀ àti lálẹ́: ìwọ̀nyí ni mo rí tí Sìkáòtù mú wá, mo sì ń lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pípe orúkọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Bàbá àgbà àti ẹnìkejì rẹ̀ kò nílò rẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kó ọgọ́ta ọmọ ọlọ́mọ dání gbọ́dọ̀ mọ iye tó kó lọ àti iye tó kó bọ̀.

Kò rọrùn fún àwọn òbí wa láti fi ọmọ sílẹ̀ fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú mùsùlùmí, ilé ẹ̀kọ́ sì wà lọ́wọ́ ìjọ. Ẹ̀rù ń ba òbí pé bí ọmọ bá lọ, orúkọ mìíràn ni yóò mú bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá ilé ẹ̀kọ́ mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí ti Ẹ̀pẹ́ sì tẹ̀lé e ní 1898. Bí ọmọ kò bá lè lọ kàwé kí ọkàn òbí balẹ̀, báwo ni yóò ṣe lọ sùn níta? Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ wọn, MSSN, sílẹ̀ ní Èkó ní 1954, tí Lateef Adégbìtẹ́ jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀nà là. Ẹgbẹ́ náà ló mú IVC wá, ìpàgọ́ ìgbà ìsinmi tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ ẹ̀sìn, tí wọ́n ń jí kírun, tí wọ́n ń dáná. Ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wáyé níbí rí, ní Nọ́forìjà, ní oṣù Kejìlá. Ẹ ní láti rí ojú pópó wa nígbà náà, bí ọmọ ti ń ti bọ́ọ̀sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹní lábẹ́ apá. Ìpàgọ́ ẹgbẹ́ wa, ọmọ kékeré IVC ni. Àwọn ọmọ ìjọ Kírísítì ládùúgbò wa náà ń lọ tiwọn nígbà Àjíǹde, ìyá kan lára wọn sì ti wá kọ́ bí mo ti ń di ẹja lọ́dọ̀ mi.

Omi ló ń gba ìrònú mi jù nísinsìnyí. Ẹni tí kò bá kírun lè ṣírò omi mímu àti omi ìwẹ̀, kó sì sinmi. Tèmi, ọgọ́ta ọmọ, àlùwàlá márùn-ún lójúmọ́, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún búútà. Búútà kékeré gba lítà kan àtààbọ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjìdínlógún nìyẹn lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọ abọ́. Nítorí náà, mo máa ń lọ wo ibi tí wọ́n ń lọ fúnra mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n fa omi kí n rí i. Wọ́n ti fi ìdánilójú bá mi sọ̀rọ̀ rí, pé bóháòlù ń ṣiṣẹ́, a dé ibẹ̀, kò sí ẹ̀kán omi kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe omi.

Ìrẹsì àpò kan, kílò 25. Gàárì ogún kóńgò. Ẹja gbígbẹ, mo ń rà á ní ọjà Olúwo, ṣùgbọ́n mo tún ń yan díẹ̀ fúnra mi, torí mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí rí i. Mo ń sá èèpo ọsàn sóòrùn láti oṣù tó kọjá, òun la ó jó lálẹ́ nítorí ẹ̀fọn, yàtọ̀ sí àwọ̀n. Ìwé àṣẹ òbí wà nínú fáìlì. Ìwé kékeré kan wà lọ́tọ̀ tí mo ká sínú ìdí ìró mi: orúkọ àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, oògùn tí wọ́n ń lò, nọ́ńbà ìyá wọn. Ẹni méjì péré ló ń rí ìwé yẹn, èmi àti nọ́ọ̀sì tó ń bá wọn lọ.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọn yóò rìn lọ wo Ẹrẹ́dò. Mo ní kí wọ́n má gbé ohunkóhun dání ju omi lọ. Yàrà tí àwọn ìtàn so mọ́ Bílíkísù Súngbọ́ yìí yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó gùn tó kìlómítà 160, ó sì jìn tó mítà ogún níbòmíràn. Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1999, yàrà náà sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún àgbáyé láti 1995. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó yọ sí etí òkun wa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, tí ìtura ilẹ̀ gba ara mi, tí mo gbójú sókè tí mo rí gbòǹgbò igi tó gbé ara lé ògiri méjèèjì, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó gbẹ́ yàrà tó gùn tó báyìí, kò lè máa padà sílé lálaalẹ́. Wọ́n sùn níbẹ̀. Ẹnìkan ló di ẹrù fún wọn, oúnjẹ tí kì í bàjẹ́, aṣọ ìbora, iná. Bóyá obìnrin bí èmi ni. Mo dúró níbẹ̀ títí Amírù fi wá pè mí.

Òun ni mo fẹ́ dá lóhùn pẹ̀lú ìwé yìí, ọmọ dáadáa yẹn.

Agogo mọ́kànlá ti kọjá. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta náà ti kó àpò àkọ́kọ́ tán, wọ́n ti fi okùn so ó, oorun sì ti ń kùn wọ́n. Mo ní kí ẹni tó kéré jù lọ mú tọ́ọ̀ṣì wá fún mi. Ó wò mí, ó wo àpò. "Ìsàlẹ̀ ló wà, Ìyá wa." Mo ní, bí ẹ bá dé lálẹ́, kí lẹ ó kọ́kọ́ wá? Kò dáhùn. Ó jókòó padà, ó tú okùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.